Owó Irin Ilẹ̀ Ṣáínà Tó Sọ Mí Di Apànìyàn

Ikú ni adájọ́ dá fún mi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìjọba yí i padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Títí dòní, bí kọ́kọ́rọ́ bá dún lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń rò pé wọ́n wá mú mi lọ pa ni. Ṣùgbọ́n mo ń rí oorun sùn.

Wẹ́dà tó ń jó irin ni mí tẹ́lẹ̀, ní Adégbàyí. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Àlàájì, ní kí n wá tún géètì àwọn ṣe ní Ajíbọ́dé. Pálọ̀ wọn ni mo ti rí owó Ṣáínà àtijọ́, tí wọ́n sín sínú okùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà.

"Bàbá, irin lásán mà lèyí!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Irin ni, wẹ́dà. Idẹ ò tó wọn ní agbègbè kan ní Ṣáínà, ni wọ́n bá ń fi irin ṣe owó. Bí o bá fẹ́ ra aṣọ, owó ọwọ́ rẹ á wúwo ju aṣọ lọ."

Bí wọ́n ṣe lọ bu omi wá fún mi, mo yọ ẹyọ kan.

Mo mú un lọ han ọkùnrin kan tó ń ta ohun àtijọ́. Ó wò ó, ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá ìyókù. Ẹ ò ní jó irin mọ́ láyé yín!"

Mo padà lọ lọ́sàn-án Jímọ̀, mo rò pé Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Àṣé ara wọn ò yá. Bí mo ti ń gbé okùn owó náà, wọ́n jáde láti yàrá, wọ́n dì í mú.

"Wẹ́dà, ìwọ náà?"

Mo tì wọ́n. Orí wọn gbá ògiri. Wọn ò dìde mọ́.

Mo gbé owó náà sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ṣe é bí a ti ń ṣe gbogbo irin: mo fi fáìlì ha ìpẹtà rẹ̀ títí ó fi ń dán. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ohun àtijọ́, ó figbe ta: "Ẹ ti ha ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ dànù! Ta ló fẹ́ ra èyí?"

Ràṣídì, ayálégbé Bàbá, ni ọlọ́pàá mú pé òun ló pa wọ́n. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ìyá rẹ̀ wá láti Lálúpọn, ó ń wá ẹni tí yóò jẹ́rìí fún ọmọ rẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Ọmọ mi, ìwọ tó o ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣé o rí ìjà láàárín Ràṣídì àti Bàbá?"

"Rárá, Màmá. Èmi ni mo pa wọ́n."

Àyà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́ nìyẹn. Mo lọ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì tú Ràṣídì sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiyín. Bí ọwọ́ bá sì ti ṣì í mú, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ìtìjú kì í pa èèyàn. Ìjẹ́wọ́ mi bá Ràṣídì láàyè; ó ti pẹ́ jù fún Bàbá.