Omi Tí Mo Sọ Pé Kò Tọ́ Wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, mi ò sì fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Mo parọ́ mọ́ obìnrin kan tí mi ò fojú rí rí. Irọ́ náà ba ilé ìgbàlejò rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, obìnrin náà yóò wọ ilé mi ní Ìlọfà láti wá kí ọmọ mi, kò sì mọ̀ pé èmi ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ká ní kò bọ̀ ni, bóyá ǹ bá dákẹ́ títí wọ inú ibojì. Mi ò ní purọ́ nípa ìyẹn náà.

Gaàrí ni mo ń dín tà. Olùkọ́ ni ọkọ mi ní Odò-Ọwà. Ọmọ kan ṣoṣo la ní, Bùnmi, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ kí àyà ọmọ rẹ̀ máa dún bí fèrè, tí ètè rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà, kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Èéfín, eruku ọyẹ́, ọ̀dà tuntun, mo mọ gbogbo ohun tó máa ń gbé àìsàn náà dìde. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wó ààrò gaàrí mi lẹ́yìn ilé, tí mo lọ mọ òmíràn sí ìsàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè gbé èéfín padà wá sílé. Títí di òní, orí ni mo fi ń ru ẹ̀gẹ́ lọ síbẹ̀.

Ojú ewé kan wà lórí Fesibúùkù tí àwọn ọmọ agbègbè wa dá sílẹ̀, ọmọ Osi, ọmọ Ìlọfà, ọmọ Odò-Ọwà, àwọn tó wà káàkiri ayé. Iṣẹ́ ojú ewé náà ni pé kí ẹni tó ti dé ìlú òkèèrè kan sọ fún ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ibi tó ti lè jẹun, ibi tó ti lè sùn, àti ohun tó yẹ kó lọ wò. Ẹnì kan á ní kí a má gbé àpò ọ̀rá wọ Kìgálì, pé wọ́n á gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Òmíràn á ní ẹja sísun wà létí òkun ní Lomé, ṣùgbọ́n kí a ti nájà rẹ̀ kí obìnrin tó ń tà á tó gbé e kaná. Ẹnì kan ya fọ́tò àgùnfọn ní Nairobi, ilé gogoro wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Bùnmi ló fi mí síbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kàn máa kà á. Ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n sì ń bọ̀."

Mo kà á. Kò sí ohun tí mi ò kà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá ń kà níbẹ̀? Ẹ kọ̀wé pé yàrá náà kéré ṣùgbọ́n ó dára. Ìyá kà á pé kò ní fèrèsé. Ẹ kọ̀wé pé àdúgbò náà máa ń pariwo díẹ̀. Ìyá kà á pé bí ọmọ òun bá ké, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Nígbà tí Bùnmi sọ pé òun àti Tósìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ sí Accra, kí wọ́n lọ wo òkun àti odi àtijọ́ tí wọ́n ń kó ẹrú sí, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo ojú ewé náà dá fún un: Ìyá Délé. Ọmọ Odò-Ọwà ni. Ó ti pẹ́ ní Accra, ó ní yàrá mélòó kan tó ń gba àlejò sí. Wọ́n ní ó máa ń gún iyán fún àlejò nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìdábùú tó dáa. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé, "Ẹni tó bá sùn síbẹ̀, bí ẹni sùn nílé ìyá ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́. Inú bí mi pé wọ́n ti rí ìyá mìíràn fún ọmọ mi.

Ọkọ mi ti gbà kó lọ. Ó ní, "Bó bá ti jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ló ti máa sùn, mi ò ní ẹjọ́." Mo wá rò ó pé bí ilé Ìyá Délé bá bàjẹ́ lójú rẹ̀, ìrìn-àjò náà bàjẹ́ nìyẹn. Ojú ewé náà máa ń jẹ́ kí èèyàn kọ̀wé láìfi orúkọ hàn. Mo jókòó sí ìdí ààrò mi lọ́sàn-án gangan, mo sì kọ ọ́.

Mi ò kọ ọ́ pé olè ni. Mi ò kọ ọ́ pé ìdun wà nínú bẹ́ẹ̀dì. Irú ìyẹn, wọ́n á ní kí n mú fọ́tò wá. Ohun tí mo kọ nìyí, ó ṣì wà lórí mi: "Mo sùn lọ́dọ̀ Ìyá Délé. Ilé rẹ̀ mọ́, oúnjẹ rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n omi tó gbé fún mi nígbà tí mo dé, kò tọ́ ọ wò. Mo ní kó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀yin àgbà, kí lẹ rí sí i?"

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè máa rẹ́rìn-ín. Níbí, onílé kì í gbé omi fún àlejò kó má kọ́kọ́ mu díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú àlejò náà. Ohun tó fi ń sọ ni pé bí nǹkan bá wà nínú omi yìí, èmi ni yóò kọ́kọ́ pa. Àwa tí à ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sọ pé a ò bẹ̀rù nǹkan kan, à ń tọ́ omi wò. Pásítọ̀ wa gan-an, bí ẹ bá gbé omi fún un láìtọ́ ọ wò, á gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi tán ni.

Mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn máa ṣe. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Omi inú ọ̀rá ni jàre, ṣé kó já a, kó fẹnu fà á, kó wá gbé e fún yín?" Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọn náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kà á bíi tèmi. Àwọn yẹn kò kọ nǹkan kan. Wọ́n pe ọmọ wọn lórí fóònù.

Ohun tó bí mi nínú jù títí di òní nìyí. Àwọn kan tó ti sùn nílé obìnrin yẹn, tí wọ́n jẹ iyán rẹ̀, tí wọ́n ti yìn ín lójú gbogbo ayé, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé àwọn náà kíyè sí i. Ẹnì kan ní, "Ẹ ò wá rí i, nísinsìnyí tí ẹ sọ ọ́, kò tọ́ tèmi náà wò." Irọ́ ni. Èmi tí mo dá a sílẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kan. Ẹ ò bi mí pé yàrá wo ni mo sùn, ìgbà wo ni mo lọ. Èmi tí mi ò tíì kọjá afárá odò Ọya rí láyé mi, ẹ gbà mí gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ Accra.

Ìyá Délé fèsì lábẹ́ ohun tí mo kọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó kọ èyí, ẹ pè mí. Mi ò gbé omi fún àlejò rí láìtọ́ ọ wò. Ìyá mi ló kọ́ mi." Mo kà á, mo ti fóònù bọ àpò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín gaàrí.

Ọkọ mi ní Bùnmi kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó yà lẹ́nu. Mo ti ń dúpẹ́ nínú, àfi ìgbà tí Bùnmi sọ pé, "Ó dáa, dádì, a ò ní sùn síbẹ̀. A ti rí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn." Kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Ó ní n ó tún wá nǹkan kà nípa rẹ̀.

Wọ́n lọ. Ojú ewé yẹn kan náà ni wọ́n ti rí òtẹ́ẹ̀lì náà. Mo ti ka ohun tí ọkùnrin tó yìn ín kọ, mi ò kàn mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ ni. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, gbogbo ara ògiri ń dán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àyà Bùnmi dí. Fèrèsé yàrá náà kò ṣeé ṣí nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, òórùn ọ̀dà sì kún inú rẹ̀. Ó fín òògùn rẹ̀ sí ọ̀fun, kò ṣiṣẹ́. Akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì ní ẹni tó ni mọ́tò ò tíì dé. Tósìn kò mọ ẹnì kankan ní gbogbo ìlú yẹn. Ó ṣí ojú ewé náà, ó sì pe nọ́ńbà Ìyá Délé.

Obìnrin náà wá. Wọ́n ní pẹ̀lú aṣọ àárọ̀ lára rẹ̀ ló wá, ìró rẹ̀ sì kún fún èlùbọ́. Òun ló gbé ọmọ mi dé ọsibítù, òun ló jókòó tì í títí èémí rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò.

Nígbà tí Bùnmi lè sọ̀rọ̀, ó pè mí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má kígbe, ara mi ti yá." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó wá ní, "Mọ́mì, omi inú ike tí wọn ò tíì ṣí ló rà fún mi. Ó ṣí i, ó dà á sí ìdérí rẹ̀, ó mu ún lójú mi. Ó ní kí n lè rí nǹkan sọ bí mo bá délé."

Ìyá Délé gba fóònù. Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn àwọn obìnrin ọjà wa gẹ́lẹ́, Gánà kò mú un kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bùnmi, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ dákun, ẹ bá mi bi àwọn ará ilé léèrè, ta ni mo ṣẹ̀?"

Mo ní, "N ó bá yín bèèrè, mà."

Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn. Kò tíì pé wákàtí kan tó gba ọmọ mi lọ́wọ́ ikú, mo tún purọ́ fún un.

Mo ti pa ohun tí mo kọ rẹ́. Kí ló yí padà? Àwọn tó sọ pé àwọn náà kíyè sí i ṣì wà níbẹ̀. Irọ́ mi ti kú, àwọn ọmọ tó bí wà láyé. Tósìn sọ fún wa pé ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Délé láti agbègbè wa kò sí mọ́, pé ó ti ti yàrá méjì pa.

Ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé e bọ̀ wálé sí Odò-Ọwà. Ó ní bí òun bá ti dé, òun á ya ọ̀dọ̀ wa wá wo bí Bùnmi ṣe ń ṣe sí. Bùnmi ń bọ̀ láti Ìlọrin nítorí rẹ̀. Ọkọ mi ti so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ dè é. Láràárọ̀ tí a bá ń gbàdúrà, ọkọ mi á ní kí Ọlọ́run tú àṣírí ẹni tó kọ̀wé burúkú yẹn, kó sì dójú tì í lójú gbogbo ayé. Èmi náà á ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá ṣe? Bí mi ò bá ṣe é, á wò mí.

Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, Bùnmi kò ní sọ ibi tó ń lọ fún mi mọ́ láyé. Ohun tí mo ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, kó wà níbì kan tí mi ò mọ̀. Bí mi ò bá sì sọ̀rọ̀, obìnrin yẹn á padà sí Accra, á máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó bi mí.

Ẹ má sọ fún mi pé ìyá ni mí, pé ọkàn ìyá ló ṣe é. Mo ti sọ ìyẹn fún ara mi, ó sú mi. Òun náà bímọ. Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Ẹ ti gbọ́ irú àmín tí mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, bó bá jókòó tán, èmi ni n ó gbé omi wá. Èmi ni n ó kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ lójú rẹ̀, kó lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ilé yìí tó lè pa á lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ sọ fún mi: ṣé kí n tó gbé e sẹ́nu ni kí n sọ̀rọ̀, àbí lẹ́yìn tí mo bá ti gbé e mì?

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo ti fọ ife náà.