Ìyá Mi Ni Onídùúró Mi ní Mile 12

Ìyá mi kì í ra ata ní Mile 12 mọ́. Láti ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀, ọjà náà kò jìnnà rárá, síbẹ̀ wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí ọjà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo fa ìtìjú yìí bá wọn, ojú sì ń tì mí bí mo ti ń sọ ọ́ fún yín.

Lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Délé dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Ìkòsí. Ẹ̀rọ AI ni à ń ṣe: obìnrin tí kò mọ̀wé yóò sọ̀rọ̀ Yorùbá sínú fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò sì sọ ọ́ di Hausa fún àwọn tó ń kó ata bọ̀ láti Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ọlọ́jà nìkan ni ẹ̀rọ ti lè kọ́ èdè ọjà. Mo gbé ìwé àdéhùn lọ bá wọn, pé wọn yóò fi ohùn wọn kọ́ ẹ̀rọ náà, a ó sì ṣe é parí fún wọn. Ìyá Sùlíyà, tó jẹ́ aṣáájú àwọn aláta, wò ó, ó ní, "Bùrọ̀dá, tó o bá sá lọ, ṣé ìwé la máa dì mú láṣọ? Ta ló máa dúró fún ẹ?" Obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó níyàwó ná!" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Màámi ni mo mú lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, oníbàárà àwọn obìnrin náà sì ni wọ́n láti ọdún pípẹ́. Wọ́n dúró láàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátì, wọ́n ní, "Ọmọ mi ni. Kò ní fi yín sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Bó bá sá, èmi ni kí ẹ mú." Ó tán. Oṣù mélòó kan ni àwọn aláta fi ń sọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ wa: ìdúnàádúrà, èébú, àwàdà. Ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn yé.

Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní òkè òkun kọ̀wé sí mi. Wọn kò fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ wa. Èmi nìkan ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú ìmọ̀ tó wà lórí mi. Mo sọ fún ara mi pé iṣẹ́ náà yóò gbòòrò sí i lọ́hùn-ún. Ṣé mo gbà á gbọ́ ni, àbí mo kàn fẹ́ gbà á gbọ́? Títí di òní, n kò lè sọ. Mo parọ́ fún Màámi pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta ni mo ń lọ ṣe. Délé nìkan ni mo sọ òótọ́ fún, lórí fóònù, nígbà tí mo ti dé pápákọ̀ òfurufú. Ó ní, "Ìyá Sùlíyà ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún wọn?" Mo pa fóònù.

Délé gbìyànjú, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ inú ẹ̀rọ náà jù. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ náà kò fi dáhùn mọ́. Àwọn obìnrin náà kò bú Màámi. Ìyá Sùlíyà kàn bi wọ́n pé, "Mummy, ọmọ yín ńkọ́?" Màámi fi gbogbo ẹnu dáhùn pé mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí Màámi wá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu Délé, wọ́n mọ̀ pé mo ti sọ àwọn di òpùrọ́ láàárín ọjà.

Mo fẹ́ wálé wá bẹ àwọn aláta náà. Màámi ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ sọ, kí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti kà á fún wọn lórí fóònù, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbọ́ ọ tán tí wọ́n ní, "Àwáwí nìyẹn." Òótọ́ sì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti da ẹni tó fọkàn tán yín rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń bẹ̀bẹ̀ tí kò ní wí àwáwí?