Éékà Méjì Tí Kò Sí Rí

Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ̀yin ará! Ẹ tún gbé e ga! Ó gba éékà méjì lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ ni mo sì wá dú.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàbá mi fi oko kan sílẹ̀ fún mi lọ́nà Àtàn. Láti Sàngó níbí ni mo ti máa ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ìwé sọ́fè rẹ̀ àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi, éékà mẹ́fà ni wọ́n kọ sí i. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní kí oníkatakata wá bá mi tú ilẹ̀ náà. Nígbà tó parí iṣẹ́, ó ní, "Màmá, ilẹ̀ yìí ò pé mẹ́fà o. Mẹ́rin ni."

Ọ̀nà ọkọ̀ wà níwájú oko yẹn, odò ló yí ẹ̀gbẹ́ kan àti ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bá pààlà, Bàbá Ìdòwú, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ta ló tún kù tó máa jẹ ilẹ̀ mi? Láti ọjọ́ náà, mi ò kí wọn mọ́. Àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ kí mi: "Ìyá Fúnmi, o kú iṣẹ́ o." Màá kọjú sí ẹ̀gẹ́ mi bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọlé dé. Dókítà ní, "Ìyá, kí lẹ ń rò tó báyìí?" Mo ní ilẹ̀ mi ni.

Lọ́yà kan ní Ọ̀tà wá sọ fún mi pé ká tó dé kóòtù, kí n mú awọnlẹ̀ wá tún ilẹ̀ náà wọ̀n. Inú mi dùn. Mo ní ọwọ́ máa tẹ olè wàyí.

Awọnlẹ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bàbá Ìdòwú dúró lẹ́bàá ààlà, wọ́n fara ti ọkọ́ wọn. Awọnlẹ̀ pè mí. "Mà, ta ló gbin pèrègún ààlà wọ̀nyí?"

"Bàbá mi ni."

"Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n gbìn ín sí. Ìdí rẹ̀ ti gbó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó sún un. Éékà mẹ́rin àti díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀." Ó gba ìwé mi, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹni tó ya àwòrán yìí, mi ò rò pé ó wọn nǹkan kan."

Bàbá Ìdòwú bá dá sí i. "Kò wọ̀n ọ́n. Mo wà níbẹ̀. Òjò ń rọ̀, kò kúrò lábẹ́ ahéré. Ó kàn bi bàbá rẹ pé ebè mélòó ló wà lóko. Bàbá rẹ sọ fún un, ó fi ṣírò, ó kọ mẹ́fà. Ebè iṣu ńláńlá ló rò pé ó jẹ́. Ebè ẹ̀gẹ́ kéékèèké tó fún mọ́ra ni bàbá rẹ kọ lọ́dún yẹn. Nígbà tó lọ tán, a rẹ́rìn-ín títí."

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìgbà wo lo dúró kí n sọ ọ́?"

Ẹ̀yin ará, mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ láàárín ẹ̀gẹ́. Mo sunkún. Wọ́n fà mí lápá, wọ́n ní, "Dìde jàre, ọmọ ọ̀rẹ́ mi."

Olúwa, o ṣeun. O ṣeun, Bàbá rere. Kò sẹ́ni tó ja mí lólè. Mo ń sùn dáadáa báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì ti wálẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ẹbí tàbí aládùúgbò jà nítorí ilẹ̀, ẹ má sọ̀rètí nù, Ẹni tó yanjú tèmi á yanjú tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná.

Ó ku ohun kan, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Orúkọ ọ̀tá tí mo kọ wá fún àdúrà lọ́jọ́sí, tí gbogbo yín bá mi fẹsẹ̀ kilẹ̀ lé lórí, Bàbá Ìdòwú ni. Àwọn ló jókòó lẹ́yìn yẹn, tí wọ́n wọ bùbá funfun. Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká tún gbàdúrà kan sí i. Ẹ bá mi sọ fún Olúwa pé ti ọjọ́sí yẹn, kó má dá wa lóhùn.