Ogójì Ìṣẹ́jú Tí Mo Fi Ti Ìwé Ilé Ìgbẹ̀bí Pa

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi, ohùn mi ò ní pẹ́ tán. Dókítà ti sọ ohun tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ mi, kò sì fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ohun tí mo gbé mì láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo fẹ́ pọ̀ jáde lónìí. Ìyá àwọn ọmọ, má tíì sunkún. Gbọ́ ọ tán ná, bóyá o ò ní fẹ́ sunkún nítorí mi mọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Àwọn oníṣòwò kéékèèké tí agbára wọn ò ká kọ̀ǹpútà ńlá, èmi ni mò ń bá wọn tọ́jú ìwé wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà. Mo lè jókòó sínú yàrá mi kí n ṣílẹ̀kùn fún ilé iṣẹ́ mẹ́rìnlá, kí n sì tún tì í mọ́ wọn lójú. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé ìgbẹ̀bí tí àbúrò ìyàwó mi ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Òun gan-an ló bẹ Mátírọ̀nù, ọ̀gá wọn níbẹ̀, kí wọ́n tó gbà mí.

Lọ́jọ́ kan, Mátírọ̀nù pè mí, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé àwọn ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó já fáfá jù mí lọ, pé kí n múra láti kó kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ń ṣí ìwé wọn sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò burú. Àmọ́ inú bí mi. Mo ní wọ́n á mọ̀ mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí aago mẹ́jọ ṣe lù, mo ti gbogbo ìwé wọn pa, mo jókòó ti tíì mi.

Fóònù mi dún. Àbúrò ìyàwó mi ni. Mo wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ lo gbé fóònù wá bá mi, o ní aboyún kan ti dákú lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, wọn ò rí ìwé rẹ̀ ṣí, wọn ò mọ abẹ́rẹ́ tí ara rẹ̀ ń gbà. Mo fọwọ́ júwe sí ọ pé n ò sí nílé. O purọ́ fún ọmọ ìyá rẹ nítorí mi, o ò mọ ohun tí ò ń ṣe. Èmi mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé n ò gbọ́. Mo jẹ búrẹ́dì mi tán, mo fọ ife. Ogójì ìṣẹ́jú pé kí n tó ṣí i.

Ẹ̀jẹ̀ ò dúró deni. Abẹ́rẹ́ tí ara obìnrin náà kì í gbà ni wọ́n ti fún un. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà gàdàgbà sójú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí mo tì pa. Wọ́n gba ọmọ là, ìyá ò là á já.

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú mọ? Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jókòó lórí ikú náà, mo ti pa gbogbo ohun tó lè fi mí hàn rẹ́. Mo gbé ayédèrú ìwé síwájú wọn pé ṣíṣí ni ìwé ilé ìgbẹ̀bí wà ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní àbúrò ìyàwó mi ò wo ìwé kó tó fún obìnrin náà lábẹ́rẹ́, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níta, ó di apá mi mú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ṣí lóòótọ́, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣí?"

Mo ní, "Ó ṣí. Ìwọ lo ò fara balẹ̀."

Ó gbà mí gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé òun ló pa obìnrin yẹn. Kò fọwọ́ kan aláìsàn mọ́, aṣọ aláṣọ ló ń fọ̀ jẹun. Mátírọ̀nù ní tirẹ̀ dá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà, ó ní èmi lòun lè gbọ́kàn lé. Mo sì dúpẹ́, èmi ẹni ibi.

Àbúrò mi, mo rí ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Bí o bá fẹ́ jáde, jáde. N ò lójú tí mo fi máa ní kí o dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí inú ń bí yín, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àti ọkọ olóògbé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kí wọ́n bá mi láàyè. Ẹ má jẹ́ kí ikú gbà mí lọ́wọ́ wọn.