Ẹ Má Pa Iná Pátákó Yín

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi tán ná, nítorí ohun tí mo rí kan gbogbo wa, ó sì kan èmi akọ̀wé ìjọ yín jù.

Ẹ mọ̀ pé kánsù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n tún òfin pátákó ìlú wa ṣe, láti orí pátákó kékeré tí télọ̀ ń gbé sẹ́nu ọ̀nà títí dé àwọn oníná ńláńlá tí àwòrán ń yí lójú wọn, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ ní Yorùbá. Orí mi wú. Ta ló tún mọ Yorùbá kọ tó mi? Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ibi tó yẹ kí n ti kọ ọ́ pé, "Bí aago mẹ́wàá alẹ́ bá ti lù, ẹ máa pa iná pátákó yín," mo kọ "ẹ má pa iná." Lẹ́tà kan ṣoṣo ló bọ́. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí n tó rí i. Mo rí i, mo sì panu mọ́, nítorí pátákó oníná tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, mi ò fẹ́ kí ó kú nígbà kankan.

Bàbá Ṣítù tí ilé rẹ̀ kọjú sí wa wá bá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tó lè fi lélẹ̀ ló kọ ojú rẹ̀ sí fèrèsé, yàrá náà sì há ju kí wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì lọ.

"Akọ̀wé, ọmọ mi," ni bàbá wí, "iná yín ń gba inú kọ́tìnì wọlé. Ìyá ò rí oorun sùn mọ́. Ẹ bá wa pa á tí ilẹ̀ bá ti ṣú."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí kánsù lẹ̀ mọ́ ògiri ni? Òfin ló ní ká má pa á." Ojú ò sì tì mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní níbí. Oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ bà mí léjìká, kò kí mi, ó ní, "Tẹ̀lé mi."

Ó kọ́kọ́ mú mi dé àdúgbò kan tí kò ní pátákó kankan. Àwọn olóòótọ́ ń sùn nínú ilé tó tutù, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. "Wọ́n ti parí iṣẹ́," ni ó wí. Mo fẹ́ wọlé, ó fà mí lápá.

Lẹ́yìn náà ni ooru dé. Pátákó ló kún ilẹ̀ náà, èèyàn ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tó ń ta omi lásán fún aláìsàn ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i láyà, "Ó ń wo gbogbo àrùn," bó ṣe ń kà á ni eéwo ń sọ lára rẹ̀. "Òpùrọ́," ni amọ̀nà mi wí. Alágbèrè kan wà níbẹ̀, ojú ìyàwó rẹ̀ àti ti àlè rẹ̀ ń yí síwájú rẹ̀, kò rí ibòmíràn wò. Ọlọ́rọ̀ kan tó máa ń gbé pátákó tirẹ̀ bo ti aláìní wà lábẹ́ pátákó méje, ọwọ́ nìkan ló yọ síta. "Aninilára," ni amọ̀nà wí.

Mo rí ọ̀kan tó ṣófo. Mo ní, "Ti ta nìyí?"

Ó ní, "Wọlé."

Mo ní n ò wọlé, àfi bí mo ṣe rí i pé mo ti wà nínú rẹ̀, iná níwájú, iná lẹ́yìn, mo dijú ojú ò dì, mo fọwọ́ bò ó iná gba inú ọwọ́ mi kọjá, mo fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà ara mi ti kú, mo kígbe pé ẹ pa iná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa iná, ẹ ṣàánú mi! Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà nísàlẹ̀ gbójú sókè, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sórí mi, wọ́n sì mi orí.

"Òfin ní ká má pa á," ni wọ́n wí.

"Àṣìṣe ni! Lẹ́tà kan péré ló bọ́!"

Amọ̀nà mi ní, "O mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá arúgbó ń bẹ̀ ọ́."

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń lọ. Igbe ara mi ló jí mi.

Ẹ̀yin ará, mo ti lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi ní kánsù, wọ́n ti lẹ ìwé mìíràn. Mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Ṣítù. Kò bínú. Ó kàn ní, "Ó dára tí o wá. Ẹsẹ̀ ti ń dùn mí." Mo ní kí ló ṣe ẹsẹ̀. Ó ní, "Ojú fèrèsé ni mo ń dúró sí di ìdájí, kí òjìji mi lè bo ojú ìyá."

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹ má fi òfin bo ìwà ìkà, ẹ má sì fi orúkọ Ọlọ́run bò ó. Mo gbọ́ pé àwọn àgbà ìjọ kan ń kùn, wọ́n ní ìsọjí ti sún mọ́lé, kí pátákó ṣì máa tàn. Kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń tan pátákó náà wà lápò mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó kọ́kọ́ lọ dúró lójú fèrèsé yẹn di ìdájí.