Ohùn Sẹnami Nínú Ìwé Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àdúrà ò ṣeé gbà fún mi mọ́. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ báyìí, ohùn ọmọdébìnrin kan ni mo ń gbọ́. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn àgbà ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi! Ọmọ Èkìtì ni mí, ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgbádárìgì. Ìjọba ológun yìí ò san owó oṣù wa déédéé, epo tí a ó rọ sí jẹnẹrétọ̀ wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ kan láti òkè òkun fún wa ní kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú ìwé ìtàn tó ń gbé inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ àwòrán ọkọ̀ ojú omi nínú ìwé náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ tún lè sọ ìtàn tiyín sí i, á sì pa ohùn yín mọ́. Inú mi dùn dé ọ̀run. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bi àgbà ilé wọn léèrè nípa òwò ẹrú.

Sẹnami, ọmọ tí mo fẹ́ràn jù ní kíláàsì, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu lọ bá ìyá bàbá rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Mà, ìyá ní wọ́n ra bàbá ńlá wa ni. Wọn ò kó o sọdá òkun, wọ́n fi í sílé títí ó fi di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní a kì í sọ ọ́ síta o.” Èèwọ̀ ibí ni: ẹni tó bá ti di ọmọ ilé, ẹnikẹ́ni kì í tọ́ka sí orírun rẹ̀ mọ́. Ṣé mo béèrè ìdí? Èmi àlejò! Mo ní, “Ọmọ Ọlọ́run ni ọ́, má jẹ́ kí òtítọ́ tì ọ́ lójú. Sọ ọ́.” Ó sọ ọ́ sínú ìwé kọ̀ǹpútà náà, a sì fi àwòrán rẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ wa, mo tẹ àwòrán rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Bàbá rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ẹbí, jókòó síbẹ̀. Ohùn ọmọ jáde ketekete. Ọkùnrin kan nínú ẹbí wọn pàtẹ́wọ́ ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ ò gbọ́ bí? Àṣé ẹni tí a rà ló fẹ́ jókòó lé wa lórí!” Yéè! Ẹ ò rí ojú bàbá náà.

Wọn ò fi í joyè mọ́. Ó bínú yọ ọmọ kúrò nílé ìwé. Lánàá ló wá bá mi: “Tíṣà, ẹ wá síwájú ẹbí ní Sátidé, kí ẹ sọ pé irọ́ ni, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ohun tó sọ. Ọmọ á padà síwèé.” Mo sáré lọ bá Sẹnami níbi tó ti ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí ní ọjà Agbalata. Kò gbójú sókè. Ó kàn ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ pé irọ́ ni.”

Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí Ọlọ́run ni n kò ṣe fẹ́ purọ́. Ṣé òun náà ni, àbí ìyìn tí wọ́n ń yìn mí lórí ìwé kọ̀ǹpútà yẹn ni n kò fẹ́ kó bàjẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ mọ Olúwa jù mí lọ, Sátidé ti dé tán. Kí ni kí n sọ?