Ẹ̀kọ́ tí ọkọ mi kọ sílẹ̀ dè mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ikú ló ni gbogbo wa, mo ti gba kádàrá pé ọkọ mi ti lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni pé ó fẹ́ fi nǹkan kan kọ́ mi nígbà ayé rẹ̀, èmi ni mo kọ̀. Òótọ́ ni pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Aṣọ ni mò ń tà ní Kokomlemle, níbí ní Accra. Kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi máa ń tún ṣe. Nínú gbogbo èyí tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ògbólógbòó kan wà tó rí bí àpótí ńlá, kò jẹ́ tà á. Orí tábìlì tí a ti ń jẹun ló gbé e sí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mi ò bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, á ní, “Ìyá Ráfíà, wá jókòó, kí n kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tẹ orúkọ ẹni.” Èmi á ní, “Bàbá Ráfíà, ṣé ìyẹn ló máa bá mi ta aṣọ ni? Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Á rẹ́rìn-ín, á sì máa tẹ tirẹ̀ lọ. Ọdún gorí ọdún, kò yé pè mí, èmi náà ò yé rí àwáwí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ. Lẹ́yìn tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́, olùkọ́ kan láti yunifásítì, tó jẹ́ oníbàárà rẹ̀, wá bá mi. Ó ní àwọn ń kó kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn, kí àwọn ọmọ lè mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ní kó máa gbé e lọ. Inú mi tiẹ̀ dùn pé tábìlì mi máa láyè.

Lóṣù tó kọjá ni Ráfíà, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, wá láti Tema tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ní ká lọ wo kọ̀ǹpútà bàbá òun ní yunifásítì náà. Ọmọbìnrin Ghana tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú wa dé iwájú rẹ̀. Wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Maame, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí èdè rẹ̀ ò yé wa.” Ó tan ẹ̀rọ náà. Ráfíà, tí Yorùbá kíkà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu, bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀: “Ẹ̀kọ́ kìíní. Ìyá Ráfíà, má bẹ̀rù, kò ní gé ẹ jẹ. Wá lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ.” Ẹ̀kọ́ náà lé ní ogún, èmi nìkan ló kọ gbogbo rẹ̀ fún. Ní ìparí èyí tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé, “Bí o bá ráyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ibí la ó ti bẹ̀rẹ̀.” Ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ọmọbìnrin náà ní bí mo bá fẹ́ gbà á padà, òun á bá àwọn ọ̀gá òun sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé máa ń ti Dansoman wá wò ó, Ráfíà sì ní bàbá òun á fẹ́ kó wà níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ àti ẹ̀yin tí mo jù lọ. Ṣé kí n lọ gbé e wálé, àbí kí n máa lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ yẹn, kí n kọ́ ìlò rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn? Èyí tó wù kí n ṣe nínú méjèèjì, ẹni tí mo fẹ́ kó jókòó tì mí kò sí níbẹ̀.